Ilé Àtijọ́ Kò Gbọdọ̀ Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ẹgbẹ́ wa pé ọdún 10.    

Nínú irú ìwé ìrántí báyìí, ìtàn bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn tí ó ti jẹ Ààrẹ àti àwòrán aṣọ tí a ti dá ni ènìyàn máa ń retí. Ẹ ó rí gbogbo ìyẹn ní ojú ewé mìíràn. Ìtàn tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí a kọ síbí ni ìtàn ilé: àwọn ilé àtijọ́ tí òfin dáàbò bò, àwọn ayàwòrán ilé tí ó bá àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ láti tún wọn ṣe, àti ìdí tí owó tí a ó kó jọ lónìí yóò fi lọ sórí òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò wa.

Iṣẹ́ ni ó bí ẹgbẹ́

Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lónìí, aṣọ, ìlù àti ẹṣin ọjọ́ Ojúde Ọba ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ẹwà ni, ọlá ìlú wa sì ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó bí ẹgbẹ́, aṣọ kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ni ọba ń ránṣẹ́ sí bí ọ̀nà bá dí, bí odi ìlú bá ya, tàbí bí ògiri ààfin bá fẹ́ wó. Ní Ọ̀yọ́, ọdún kan pàápàá wà tí ó jẹ mọ́ ọn, ìyẹn ọdún Bẹẹrẹ, tí a sọ ní orúkọ koríko tí àwọn ará ìlú ń gbé wá fún Aláàfin láti fi tún òrùlé ààfin bò. Ní ilẹ̀ tiwa, Erédò Súngbọ́ tí ó yí wa ká ní nǹkan bí kìlómítà 160 kì í ṣe yàrà tí ọwọ́ ẹnìkan lè gbẹ́.

Amọ̀ àti koríko ni àwọn ààfin ìgbà náà. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ fún òjò ọdún díẹ̀, wọn yóò padà di ilẹ̀. Ohun tí ó mú wọn dúró láti ìran dé ìran ni pé ọwọ́ kì í kúrò lára wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Ibi tí àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ti wá

Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n wà ní oko ẹrú ní ìlú Salvador, ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, dìde sí àwọn ọ̀gá wọn. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn rògbòdìyàn náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti gba òmìnira níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ilẹ̀ baba wọn. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn sọ̀ sí, ní àdúgbò tí a mọ̀ sí Pópó Àgùdà títí di òní. Wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà, ọgbọ́n à ń kọ́ fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, àti ọgbọ́n à ń fi ọwọ́ ya òdòdó sára ògiri.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópó Martins ní Èkó wà lára iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí i. João Baptista da Costa, tí ó jẹ́ Àgùdà, ni ọ̀gá bíríkìlà tí ó darí iṣẹ́ náà. Ó ti lé ní ọdún 100 báyìí, wọ́n sì ń kírun nínú rẹ̀ títí di òní.

Láti Èkó ni irú ilé yìí ti wọ inú ilẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti ọ̀dọ̀ wa níbí. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní 1892 tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ṣí, àwọn oníṣòwò wa tí ó rí ọwọ́ họrí kò fẹ́ ilé ilẹ̀ mọ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń fẹ́, irú èyí tí wọ́n ti rí ní Èkó. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: gbọ̀ngàn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, àkàsọ̀ onípákó, ìloro lókè tí bàbá àgbà ti ń wo ìta. Ìta rẹ̀ jọ ti Àgùdà, amọ̀ ilẹ̀ wa sì ni inú ògiri rẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti sọ púpọ̀ nínú wa lórúkọ.

Ilé tí òfin nìkan kò lè gbà sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí tí ó dùn wá jù. Ní Tinubu Square ní Èkó, ilé kan wà tí ẹbí Fernandez, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, kọ́ ní nǹkan bí 1855. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á, ó sì sọ ọ́ ní Ilojo Bar. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o tàbí yí i padà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tí ìjọba fi ṣe olùtọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, ọjọ́ Àìkú tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Iléyá, wọ́n wó ilé náà palẹ̀. Ọdún 60 gbáko ni òfin ti wà lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn yóò fi jí sí ọ̀rọ̀ náà, òkìtì yẹ̀pẹ̀ àti igi ni ó kù.

A kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé òfin lè sọ pé “ẹ má wó o,” ṣùgbọ́n òfin kì í gun òrùlé lọ dí ibi tí ó ń jò. Òfin kì í ra páànù. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ báńkì nínú ẹgbẹ́ yìí mọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní àárín ìlú, ilẹ̀ tí ilé àtijọ́ wà lórí rẹ̀ máa ń níye lórí ju ilé náà lọ. Ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ olóògbé bá pín sí 30, tí ilé sì ń jò, ẹni tí ó bá gbé owó ilẹ̀ wá ni wọn yóò gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ilé àtijọ́ yè, a ní láti wá ohun tí ilé náà yóò máa ṣe fún àwọn tí ó ni ín.

Ilé rélùwéè tí ó jí dìde

Ìtàn kejì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú ọgbà ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898, nígbà tí wọ́n ṣì ń la ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901. Jaekel House ni a ń pè é. Orúkọ Francis Jaekel ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀gá rélùwéè kan tí ó sìn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà sínú ìwé apá mẹ́ta.

Àwọn tí ó gbà á sílẹ̀ kì í ṣe ìjọba. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Legacy 1995 ni, àwọn ènìyàn tí ìtàn àti àyíká jẹ lógún. John Godwin, ayàwòrán ilé, ni ó ṣáájú wọn. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Gillian Hopwood, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán ilé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1954. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kọ ìwé lórí ìtàn ilé àti ìlú Èkó tí wọ́n pè ní Sandbank City. Ẹgbẹ́ náà bá ilé iṣẹ́ rélùwéè sọ̀rọ̀, wọ́n fohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì tún ilé náà ṣe ní 2010. Lónìí, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré ni, tí àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo ohun mẹ́ta tí ó pàdé níbẹ̀: onílé tí ó gbà, ẹgbẹ́ tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù, àti ayàwòrán ilé tí ó mọ iṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yọ, ìsapá àwọn méjì tó kù kò ní já mọ́ nǹkan.

Kí ni ayàwòrán ilé ń ṣe gan-an?

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ béèrè ìdí tí a fi ní láti sanwó fún ayàwòrán ilé nígbà tí ilé ti wà nílẹ̀. “Ilé tí a ti kọ́ tán, àwòrán kí ni a tún fẹ́ yà?” Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni láti wọn ilé náà láti òkè dé ìpìlẹ̀, kí ó yà á bí ó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo ibi tí ó ti tẹ̀ àti ibi tí ó ti ya. Ìwé yìí ni ẹ̀rí. Bí ìjì bá gbé òrùlé lọ lọ́la, a mọ bí ó ṣe rí.

Ìkejì ni láti tọpa omi. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Omi ni aláǹgbá ilé àtijọ́, ó sì dà bí olówó èlé. Páànù kan tí ó ṣí lónìí, owó díẹ̀ ni yóò tún un ṣe. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, igi àjà yóò jẹrà. Bí ó bá pé ọdún mẹ́wàá, ògiri ni yóò san gbèsè náà. Ìdí nìyí tí ayàwòrán ilé tí ó gbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà. Òrùlé àti ojú àgbàrá ni ó kọ́kọ́ ń tún ṣe.

Ìkẹta ni láti mọ ohun tí ó bá ògiri mu. Ògiri amọ̀ ń mí. Omi ń wọ inú rẹ̀, omi sì ń jáde. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nítorí pé a fẹ́ kí ó le, omi yóò há sẹ́yìn sìmẹ́ńtì náà, amọ̀ yóò máa rọ̀ nínú, títí sìmẹ́ńtì yóò fi ṣí ní odindi pẹ̀lú amọ̀ lára rẹ̀. Amọ̀ ni ó yẹ amọ̀, tàbí ẹfun tí a rí láti inú ìkarahun tí a sun. Níbí ni ayàwòrán ilé àti àwọn bíríkìlà àgbà ti nílò ara wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀kan mọ ìwọ̀n àti ìṣirò, èkejì mọ bí a ṣe ń po amọ̀ kí ó má baà sán.

Ìkẹrin ni kí ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Ní 1964, àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn onímọ̀ ohun ìrántí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ ní ìlú Venice ní Ítálì, wọ́n sì fi ẹnu kò lórí ìlànà tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé káàkiri ayé. Wọ́n ní ibi tí àbá bá ti bẹ̀rẹ̀ ni àtúnṣe gbọdọ̀ ti dúró. Wọ́n ní bí a bá fi ohun tuntun kún ohun àtijọ́, kí ojú lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Wọ́n sì tún sọ pé ó máa ń rọrùn láti tọ́jú ilé tí ó bá ń wúlò fún àwùjọ. Ohun tí àwọn ọba wa mọ̀ nìyẹn nígbà tí wọ́n ń ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́.

Bí ilé bá ti wó, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí?

Ọ̀rọ̀ kò tíì parí, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá dé ibẹ̀. Ní Broad Street ní Èkó, ìjọba àwọn òyìnbó kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní 1882. Ògiri amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ. Ní 1885, wọ́n fi bíríkì tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún un kọ́. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí ó rí inú rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n pa á tì, wọ́n wó púpọ̀ nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì di ààtàn.

Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, wo ààtàn yìí, ó rí ìtàn nínú rẹ̀. Kò gbìyànjú láti tún ẹ̀wọ̀n kọ́. Ó jẹ́ kí ibi tí yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà hàn lórí ilẹ̀, ó sọ àwọn kan di ìsọ̀ kéékèèké, ó sì fi pèpéle eré síbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn. Ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé ọdún 50, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí i ní Freedom Park. Ibi tí àwọn baba wa ti sunkún, orin ni àwọn ọmọ ń kọ níbẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì wọ ibẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó wà níwájú wa

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wálé. Ní àdúgbò wa, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà tí gbogbo yín ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. A kò ní dárúkọ ẹbí náà nínú ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ìjọba kò tíì kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Ṣùgbọ́n àwọn òdòdó ara ògiri rẹ̀ kò ní èkejì ní àdúgbò wa, òjò sì ti ń wọ àjà rẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹbí tí ó wà ní Èkó àti London fẹ́ kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Kì í ṣe ìwà búburú ni ó fà á. Wọ́n ní owó orí ilẹ̀ àti owó àtúnṣe ni àwọn ń san lọ́dọọdún láìrí kọ́bọ̀ kan gbà. Àwọn àgbà ẹbí kọ̀, wọ́n ní ibojì bàbá àwọn wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa pàápàá, àwọn kan sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n ní kí a bá ẹbí náà wó o, kí a kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tí orúkọ ẹgbẹ́ yóò wà níwájú rẹ̀. Èsì tí àwọn yòókù fún wọn ni pé iná ni ó jó ilé ọba inú òwe yẹn, kì í ṣe àwọn ọmọ ọba ni ó ṣáná sí i.

Ìpàdé mẹ́ta ni a ṣe pẹ̀lú ẹbí náà. Ayàwòrán ilé tí a mú dání ni ó yanjú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó wọn ilẹ̀ náà tán, ó fi hàn wá pé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ yọ sí òpópó kejì. Ó ní kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síbẹ̀, kí wọ́n rẹlẹ̀, kí wọ́n má dí ojú ilé ńlá. Owó ṣọ́ọ̀bù ni yóò máa tọ́jú òrùlé, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù yóò sì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹbí. Ìsàlẹ̀ ilé yóò di yàrá ìkàwé fún àwọn ọmọ ilé ìwé àdúgbò. Òkè yóò wà lọ́wọ́ ẹbí. Wọn kò ta ilé, wọn kò ta ilẹ̀, ibojì bàbá sì wà níbi tí ó wà. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i, àwọn ti London náà sì fọwọ́ sí tiwọn. Ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò.

Ní ipele mẹ́ta ni iṣẹ́ náà yóò lọ. Àkọ́kọ́ ni wíwọn ilé, òrùlé àti ojú àgbàrá, kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó dé. Ìkejì ni ògiri àti àwọn òdòdó ara rẹ̀. Ìkẹta ni yàrá ìkàwé àti ṣọ́ọ̀bù. A ó tún kọ̀wé sí àjọ tí ń rí sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè kí wọ́n wá wò ó. Ìwé àṣẹ́ owó tí a ṣí fún iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè dá gba owó nínú rẹ̀. Ààrẹ, Akápò àti aṣojú ẹbí ni yóò jọ máa fọwọ́ sí i, a ó sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ẹ̀bẹ̀ wa nìyí: bí wọ́n bá pè yín síwájú lónìí, ẹ mọ̀ pé páànù, igi àti amọ̀ ni ẹ ń ra. Ẹni tí kò bá ní owó lè ní iṣẹ́ ọwọ́. A nílò àwọn bíríkìlà àgbà tí ó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ya òdòdó sára ògiri, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ẹni tí ó bá ní fọ́tò ilé náà láti ìgbà àwọn òbí rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá, ayàwòrán ilé ń dúró dè é.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé gbogbo wa tòrò. Kí ó má jẹ́ kí ohun rere tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọdún 10 tí a ṣe yìí, ẹ̀mí gbogbo wa yóò ṣe púpọ̀ irú rẹ̀ sí i nínú àlàáfíà. Àmín.

Alukoro Ẹgbẹ́